Eré tí ọmọ sá tí kò wọ ìwé: ìbéèrè lórí ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún

Olùkọ́_Pápá (Kubwa)

Ẹ̀yin àgbà pápá, mo kí yín o. Ìbéèrè mi dá lórí ìdíje àgbáyé eré orí pápá ti àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún, èyí tí yóò wáyé ní Eugene, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 2026. N kò sọ pé àwọn ọmọ wa á dé ibẹ̀ lọ́dún yìí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí a ṣe ń ṣe é tí eré ọmọ á fi di ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ níbi tó yẹ. Tiwa, inú ìwé kékeré tí mò ń dì mọ́wọ́ ló ń parí sí.

Ọmọ mẹ́ta ni. Obìnrin kan, ọmọ 2010, ó ń sá mítà 100 ní 11.8 lórí stopwatch. Ọkùnrin kan, ọmọ 2009, ń ju shot put (irin roboto) kílò 7.26, ó ń kọjá mítà 12. Ẹnì kẹta, ọmọ 2008, hurdles mítà 110, eré tí wọ́n ń fo igi, ni tirẹ̀, igi tí wẹ́dà bá wa jó la ń tò fún un. Ilẹ̀ pupa ni pápá ilé ẹ̀kọ́ wa, aago méjì la ní, fèrè la fi ń dá wọn sílẹ̀.

Kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe? Ẹ má wulẹ̀ pọ́n mi lé, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bàbá_Aago

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ti ọmọ oní-11.8 yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú, torí aago ló ń tan kóòṣì jẹ jù nílùú yìí.

Fèrè yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé jùnù. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Tí ẹ bá fọn fèrè níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó di aago mú níbi ìlà ìparí kò ní gbọ́ ọ títí nǹkan bíi 0.29 sẹ́kọ́ǹdù á fi kọjá, ọmọ ti gbéra nígbà yẹn. Ẹ fi iyẹn kún 11.8, ẹ ó rí i pé 12.1 la ń sọ, a ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ mìíràn rárá. Ìdí nìyẹn tí ìlànà fi ní èéfín tàbí iná ìbọn ni kí ojú wò, kí etí fi ìró sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ìbọn lè so pákó méjì pọ̀ ní ìdí kan, kí ó kùn ún ní funfun, kí ó gbé e sókè orí kí ó sì pa á pọ̀ gbà! Ojú á rí i kí etí tó gbọ́.

Níbi ìparí, àyà ọmọ ni ẹ ó máa wò. Orí tó nà síwájú kò kan aago, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà kò kàn án. Ẹ dúró ní ọ̀gangan ìlà gan-an, ó kéré tán mítà 5 sí léènì tó wà lẹ́yìn pátápátá, ẹ sì gun nǹkan kí ẹ lè máa wò wọ́n látòkè. Ẹni tó dúró síwájú ìlà díẹ̀, lápá ibi tí ọmọ ti ń bọ̀, á tẹ aago kí ọmọ tó dé.

Aago méjì kò tó. Mẹ́ta ni. Bí méjì bá bára mu, èyí tí méjèèjì sọ ni ẹ kọ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, ti àárín ni. Bó bá jẹ́ méjì péré ló ṣiṣẹ́, èyí tó pẹ́ jù ni ẹ mú, ẹ má mú èyí tó dùn mọ́ yín. Òkè la sì ń gbé nọ́ńbà náà sí: 11.71 á di 11.8, kì í di 11.7.

Wàyí o, ká ní ẹ ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ, aago ọwọ́ kò wúlò fún ìwọ̀n àtiwọlé ìdíje àgbáyé (ìyẹn èsì tí ọmọ gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n tó gbà á wọlé) ní mítà 100, 200, 400 àti hurdles. Àwọn kóòṣì máa ń fi 0.24 kún aago ọwọ́ ní 100 àti 200, wọ́n á fi 0.14 kún ti 400, kí wọ́n lè fojú inú wo ohun tí aago gidi ì bá sọ. 11.8 á di 12.04. Fún ìmọ̀ tara yín ni ìṣirò yìí, ẹ má kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan. Aago tí wọ́n ń gbà ni èyí tí ìbọn fúnra rẹ̀ tan, tí kámẹ́rà tó wà ní ọ̀gangan ìlà ìparí sì ya àwòrán ẹni tó dé. Aago tí ọwọ́ ènìyàn bá ti tan tàbí pa, aago ọwọ́ ni, bó tilẹ̀ ń sọ nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ojúàmì.

Fún ìdánrawò ojoojúmọ́, fóònù tó ń ya fídíò 240 àwòrán ní sẹ́kọ́ǹdù kan sàn ju stopwatch lọ fíìfíì. Ẹ gbé e sórí igi ní ọ̀gangan ìlà ìparí, kí pákó tí ẹ máa pa náà hàn nínú fídíò látòkèèrè. Ẹ ó wá ka àwòrán tó wà láàárín ìgbà tí pákó pàdé àti ìgbà tí àyà kan ìlà, ẹ ó sì fi 240 pín in.

Ohun méjì tó kù. Ìdíje tí wọ́n ti sá eré náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àjọ eré orí pápá Nàìjíríà, AFN, tàbí àjọ Áfíríkà tàbí World Athletics, àjọ àgbáyé, fọwọ́ sí. Ẹ má sì kó ọmọbìnrin sáàárín àwọn ọkùnrin kí wọ́n lè fà á sáré. Eré tí akọ àti abo jọ sá pọ̀ lórí pápá, wọn kì í gba aago rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti rí èyí ní ìdíje ilé ẹ̀kọ́, tí gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́!

Irin_Kì_í_Purọ́ (Ilorin)

Bàbá_Aago ti sọ tirẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ n bọ́ sí ti irin.

Kílò 7.26 jẹ́ ti àwọn àgbà ọkùnrin. Ti ọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún jẹ́ kílò 6. Ti àwọn tí kò tíì pé méjìdínlógún jẹ́ kílò 5. Ọmọ 2009 yín ṣì wà ní abẹ́ méjìdínlógún ní 2026, nítorí náà irin méjì ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀: kílò 5 fún ìdíje ẹgbẹ́ rẹ̀, kílò 6 bó bá fẹ́ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ díje. Kò sí ìṣirò kankan tí ẹ lè fi sọ mítà 12 ti kílò 7.26 di ti kílò 6 kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé irin tó wúwo jù fún ọmọ á sọ ọ́ di ẹni tó ń fi èjìká ti irin láìlo ẹsẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á já bọ́ sílẹ̀, ìka rẹ̀ á sì máa dùn ún. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ó ń pẹ́ kó tó kúrò.

Àwọn ìwọ̀n tó kù nìyí, kí ẹ má baà ra ohun tí kò yẹ. Discus (abọ́ tí wọ́n ń jù) ọkùnrin abẹ́ ogún ọdún jẹ́ kílò 1.75, ti abẹ́ méjìdínlógún jẹ́ 1.5, ti àgbà jẹ́ 2. Javelin (ọ̀kọ̀) wọn jẹ́ gíráàmù 800, bíi ti àgbà, àwọn abẹ́ méjìdínlógún ni wọ́n ń lo 700. Ní ti obìnrin, abẹ́ ogún ọdún ń lo ohun tí àgbà ń lò: shot put kílò 4, discus kílò 1, javelin gíráàmù 600. Abẹ́ méjìdínlógún ni wọ́n ń lo shot put kílò 3 àti javelin 500.

Ẹ má gbára lé nọ́ńbà tí wọ́n kùn sára irin. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta adìẹ àti ẹja oníyìnyín lọ́jà, ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé e sórí òṣùwọ̀n oníná wọn. Irin tó ti ń jẹra máa ń fúyẹ́, bí ó bá sì dín ní kílò 6 pẹ́nrẹ́n, àwọn tó ń yẹ irin wò níbi ìdíje á dá a padà. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: ti kílò 6 gbọ́dọ̀ wà láàárín mìlímítà 105 sí 125. Irin tí alágbẹ̀dẹ rọ máa ń tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ sàmì sí ilẹ̀, fífẹ̀ òbírí shot put jẹ́ mítà 2.135. Ìlà méjì tí irin ń já sí àárín wọn kò nílò ohun èlò kankan: ẹ na téèpù mítà 20 láti àárín òbírí, kí àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì níbẹ̀ jẹ́ mítà 12 géérégé. Ó parí. Téèpù aláṣọ tí àwọn aránṣọ ń lò máa ń nà, ẹ wá onírin. Láti ojú àpá tó súnmọ́ òbírí jù ni ẹ ti ń wọ̀n, ẹ fa téèpù gba àárín òbírí kọjá, ẹ kà á níbi etí inú pákó ìdádúró tó wà níwájú òbírí. Ìsàlẹ̀ la ń gbé nọ́ńbà ti jíjù sí, òdìkejì aago.

Hurdles wá ni ẹ̀rù ń bà mí fún. Gíga igi fún ọkùnrin abẹ́ ogún ọdún ní mítà 110 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 99.1. Ti àgbà jẹ́ 106.7, ti abẹ́ méjìdínlógún jẹ́ 91.4. Àlàfo wọn kò yàtọ̀: mítà 13.72 dé igi àkọ́kọ́, 9.14 láàárín igi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, 14.02 dé ìlà ìparí. Lójú mi, wẹ́dà yín ti ṣe é kí ẹsẹ̀ igi náà yọ síwájú àti sẹ́yìn bíi tábìlì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e kúrò ní pápá lónìí. Igi hurdle gbọ́dọ̀ lè ṣubú síwájú bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ kàn án. Nítorí náà apá kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ sí, apá tí ọmọ ń gbà bọ̀. Wúwo rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní kílò 10, síbẹ̀ agbára tó tó kílò 3.6 sí 4 lókè igi ló yẹ kó lè bì í ṣubú. Ẹ so òṣùwọ̀n oníkọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹran mọ́ àárín igi lókè, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà tó ti ṣubú. Bí kò bá ṣubú títí dé 6 tàbí 7, orúnkún ọmọ ló máa san gbèsè rẹ̀.

Olùkọ́_Pápá (Kubwa)

Ẹ ṣeun gan-an. Irin_Kì_í_Purọ́, apá méjèèjì ni ẹsẹ̀ igi náà yọ sí lóòótọ́, n ó gbé wọn padà fún wẹ́dà.

Ó ku ọ̀kan. Ìgbà ọyẹ́ làwọn ọmọ ń sáré jù, ẹlòmíì sì ní kí n gbé wọn lọ sí Jos lọ díje torí eré máa ń yá níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ_Plateau

Òótọ́ ni àti irọ́ ni.

Ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà oòrùn. Bí pápá yín bá dojú kọ gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀yìn ọmọ ni afẹ́fẹ́ ń tì, eré á máa dùn ún wò. Afẹ́fẹ́ tó bá ti ẹ̀yìn ju mítà 2.0 lọ ní sẹ́kọ́ǹdù kan, wọn kì í gba aago rẹ̀ fún ìwọ̀n àtiwọlé ní 100, 200, hurdles mítà 100 àti 110, bẹ́ẹ̀ náà ni fífò gígùn àti fífò ẹlẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó gba ipò kìíní ṣì gba ipò kìíní o, àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ kò bọ́. Nọ́ńbà yẹn ni kò wúlò níbòmíràn. Òkè náà la ń gbé afẹ́fẹ́ sí: 2.03 á di 2.1, ó ti kọjá ààlà nìyẹn.

Mítà 50 sí ìlà ìparí ni ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ń dúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ léènì kìíní, kò gbọdọ̀ jìnnà sí pápá ju mítà 2 lọ, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.22. Sẹ́kọ́ǹdù 10 ló fi ń wọ̀n fún mítà 100, sẹ́kọ́ǹdù 13 fún hurdles. Ní 200, ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá wọ ojú ọ̀nà gbọọrọ ló tó bẹ̀rẹ̀, sẹ́kọ́ǹdù 10 náà ni. Kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀ ìdíje èyíkéyìí, ẹ bèèrè ohun méjì péré: ṣé kámẹ́rà ìparí wà, ṣé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wà. Ìwé èsì tí kò ní nọ́ńbà afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà 100, ọmọ kàn lọ ṣeré ni.

Jos ga ju mítà 1,000 lọ sí ojú òkun, ó súnmọ́ 1,200 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í dí asáré kúkúrú lọ́nà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gba aago ibẹ̀, àmọ́ lẹ́tà A ni wọ́n á kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé orí òkè ni. Abuja kò dé ìdajì gíga yẹn, kò ní lẹ́tà kankan. Ẹni tó ń sá 800 sókè ni kí ẹ má gbé wá sí Jos lójijì wá díje: afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ kan náà ló máa fún un lọ́rùn ní ìyípo kejì.

Ẹ má gbàgbé ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìtẹ̀sí ọ̀nà eré kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín mítà 100. Ọ̀pọ̀ pápá ní Kubwa àti Bwari wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ojú kì í sì í mọ̀ ọ́n. Ẹ yá rọ́bà tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí fi wọn ìpìlẹ̀, ẹ fi wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Aago tó dára jù lọ kò lè tún ilẹ̀ tó dà sísàlẹ̀ ṣe.

Ìyá_Eléré (Lugbe)

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ irin àti aago, ìwé ló ń dá ọmọ padà jù. Olùkọ́, ẹ fi ara balẹ̀ ka èyí.

Ọjọ́ orí: ọdún tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n ń wò. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé 16 ó kéré tán, kí ó má sì ju 19 lọ, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún ìdíje. Fún 2026, àwọn tí a bí ní 2007, 2008, 2009 àti 2010 ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yín bọ́ sí i. Ọmọ 2011 kò bọ́ sí i, kódà kó sáré bí ẹṣin.

NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí inú rẹ̀ ni àwọn oníwèé ìrìnnà ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Níbi tiwa ní àríwá, orúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ọmọ Yorùbá kan náà á jẹ́ Abdulrasheed ní ilé ẹ̀kọ́, Abdul-Rashid lórí NIN, Rasheed nínú ìwé ìbí, ọ̀kan á ní Àyìnlá lẹ́yìn rẹ̀, ìkejì á fi orúkọ bàbá bàbá parí. Ẹ mú ọ̀nà kíkọ kan, ẹ fi sórí gbogbo ìwé, títí kan ìwé èsì ìdíje àkọ́kọ́. Àwọn òbí tó ti dín ọjọ́ orí ọmọ kù nítorí bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ ti bá wọn nìyẹn: ọjọ́ ìbí ló ṣòro láti yí jù lórí NIN, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ọmọ tí kò tíì pé 18, ìwé ìrìnnà ọlọ́dún márùn-ún ni wọ́n ń fún un, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ìfọwọ́sí òbí. Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀.

Ti ọmọbìnrin: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2025, World Athletics ti sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó bá ń díje ní ẹ̀ka obìnrin nínú ìdíje tó ń kà sí ìtò àgbáyé ti ṣe àyẹ̀wò SRY, ìyẹn àbùdá tó sábà máa ń wà lára ọkùnrin. Ẹ̀ẹ̀kan láyé ni. Wọ́n lè fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ bá àjọ sọ ọ́, ẹ bá òbí sọ ọ́ kí ó tó kan ọmọ. Èsì rẹ̀ kì í ṣe ohun tí kóòṣì ń kà sókè ní gbangba.

Oògùn. Tramadol tí àwọn ènìyàn ń lò bíi gúgúrú ní ìgboro wa wà lára ohun tí wọ́n fòfin dè lọ́jọ́ ìdíje, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024. Prednisolone àti dexamethasone tí kẹ́míìsì ń pò mọ́ra fún ẹni tó fẹ́ sanra tàbí tí orúnkún ń dùn, wọ́n fòfin dè wọ́n lọ́jọ́ ìdíje, yálà ó gbé e mì tàbí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́. Oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tó ní ephedrine tàbí pseudoephedrine náà léwu bó bá pọ̀ nínú ìtọ̀. Nọ́ńbà NAFDAC kò sọ nǹkan kan lórí èyí, iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀. Àgbo wá kọ́? Ẹni tó sè é gan-an kò lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí dókítà bá kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ní tòótọ́, kí ó gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó oògùn nínú eré ìdárayá, ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdíje.

Ẹ̀yin náà ẹ rántí ìdíje Olympics Tokyo ní 2021. Eléré orí pápá 10 láti Nàìjíríà ni wọn kò jẹ́ kó díje torí àyẹ̀wò oògùn tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún wọn kí wọ́n tó lọ kò pé. Kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára wọn.

Bàbá_Aago

Ìyá_Eléré, ẹ ṣeun. Àmọ́ ká má dẹ́rù bà á jù. Oṣù Kẹjọ ọdún 2021 kan náà, ní Nairobi, àwọn ọmọ wa gba wúrà mẹ́rin níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ yìí. Imaobong Nse Uko gba mítà 400 ní 51.55, ó sì wà nínú ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin 4x400 méjì tó gba wúrà. Udodi Onwuzurike gba mítà 200 ní 20.21. Tipẹ́tipẹ́ sì ni, Falilat Ogunkoya ti gba wúrà mítà 200 níbi ìdíje yìí nígbà tó kọ́kọ́ wáyé ní Athens ní 1986.

Olùkọ́, orílẹ̀-èdè kan lè kọ orúkọ ẹni mẹ́ta sílẹ̀ fún eré kan, ẹni méjì péré ló lè sá a. Ní mítà 100, ẹ ti mọ iye ọmọ tó ń du àyè méjì yẹn láti Èkó títí dé Warri. Ọmọ hurdles yín ni mo máa ná owó lé lórí, àwọn tó ń sá a kò pọ̀.

Irin_Kì_í_Purọ́ (Ilorin)

Mo fara mọ́ ọn. Kí ẹ tó mú un lọ sí pápá onírọ́bà ní pápá ìṣeré Moshood Abiola ní Abuja, ẹ wo ìdí bàtà rẹ̀. Bàtà bẹ́ńdáàn tí wọ́n fi ń sáré lórí ilẹ̀ pupa sábà máa ń ní ìṣó gígùn. Lórí pápá bẹ́ẹ̀, ìṣó kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 9 lọ, àwọn pápá kan kò tilẹ̀ gbà ju 7 lọ. Ìdí bàtà náà kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 20 lọ, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2024 nìyẹn. Bí ìṣó bá ti dípẹtà mọ́ inú, ẹ kán epo ẹ̀rọ sí i láṣálẹ́, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tú u lówùúrọ̀. Ẹ má fi ẹ̀mú fà á, ihò á bàjẹ́.

Olùkọ́_Pápá (Kubwa)

Mo ti gbọ́. Wẹ́dà lọ́la, NIN lọ́jọ́ Ajé. Irin_Kì_í_Purọ́, ẹsẹ̀ igi yẹn, báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó?

Irin_Kì_í_Purọ́ (Ilorin)

Kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ. Igi òkè jẹ́ 118 sí 120 ní gígùn, 7 ní fífẹ̀, pákó tàbí rọ́bà ni kí ẹ fi ṣe é, ẹ má fi irin ṣe é. Ẹ ní kí wẹ́dà jó ìwúwo tó ṣeé sún síwá-sẹ́yìn sí ìdí ẹsẹ̀ náà, òun lẹ ó máa fi tún un ṣe títí tí yóò fi máa ṣubú ní kílò 3.6 sí 4.